Ilẹ̀kùn Ọ̀tún Píjò Hàmídù

Moncalieri,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Sùlèímọ̀n àbúrò mi,

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo fi ìyẹn ṣíwájú kí o tó bẹ̀rẹ̀. Abọ́dúnrìn ọmọ mi ti gbà mí nímọ̀ràn, dókítà ti gbà mí nímọ̀ràn, obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa náà ti gbà mí nímọ̀ràn láti ojú fèrèsé rẹ̀. Mo gbọ́ tiwọn tán, mo ti ilẹ̀kùn mi.

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ o, ìwọ àti gbogbo ilé. Ṣé ara ìyàwó rẹ ti le? Etí rẹ ńkọ́? Nadirah ọmọ-ọmọ rẹ sọ fún mi pé bí wọ́n bá pariwo sí ọ lórí fóònù, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi ọ́ lo máa ń dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. O mọ̀ pé ìwé kejì ni mo kà tí Ìyá fi mú mi gun lọ́rì àlùbọ́sà, inú ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti rí ìyókù, nítorí náà má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí. Bí mo bá kọ ọ́ tán, màá yà á ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ sórí fóònù Nadirah, òun á sì gbé e fún ọ kà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Píjò 504 Hàmídù ọkọ mi, èyí tí wọ́n fi sáré ìje láti Ìbàdàn dé Sókótó lọ́dún 1979, ṣì wà ní ibi tí ó gbé e sí ní Moncalieri níbí, lẹ́bàá Turin ní Ítálì, kí ó tó kú. O rántí pé ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó Ítálì tó ń la ọ̀nà, ló gbé ọkọ̀ náà wá sí Turin, tó sì fi í sílẹ̀ fún Hàmídù nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kú lọ. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ máa kó ara wọn jọ ní Maribor, ní ilẹ̀ Slovenia. Ọkọ̀ á wá láti gbogbo Yúróòpù. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ Píjò wa. Kò ní ìwé tí ó fi lè rìn lójú títì, nítorí náà a ó gbé e lé carrello, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ mìíràn, a ó sì máa fà á lọ láti ìlú dé ìlú. Láńrewájú, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Marghera, ló máa wakọ̀. Èmi máa jókòó tì í.

Wọ́n ní kí n kọ orúkọ awakọ̀ àti orúkọ ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún un lọ́jọ́ ìje náà. Awakọ̀, Hàmídù. Ìyẹn kò ní wàhálà. Ajúwe-ọ̀nà, nínú ìwé wọn, ìwọ ni.

Ìwọ kọ́, Sùlèímọ̀n. Ìwọ ni láti Ìbàdàn dé Mókwà. Ní Mókwà o sọ̀kalẹ̀, o wọ inú èrò lọ, a kò rí ọ mọ́. Èmi tí mo wà nínú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé yín, tí mo jókòó ti táyà àti ìkòkò, èmi ni mo wọ aṣọ iṣẹ́ tí o bọ́ sílẹ̀, tí mo dé àṣíborí rẹ, tí mo sì júwe ọ̀nà fún ọkọ mi dé Sókótó. Ipò kejì la ṣe. O dé lọ́jọ́ kejì lórí lọ́rì ewúrẹ́, wọ́n sì gbé ife lé ọ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń yà yín ní fọ́tò, èmi ń da ìrẹsì sínú omi gbígbóná. Hàmídù bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́ nítorí Bàbá, pé bí Àfáà bá gbọ́ pé ọmọ òun wọ ṣòkòtò láàárín ọkùnrin dé ilẹ̀ Haúsá, ilé kò ní rọgbọ. Mo dákẹ́. Bàbá ti kú. Hàmídù ti kú. N kò dákẹ́ mọ́.

Kọ ìwé sí wọn. Ìlà mẹ́ta ti tó, kí o sì fọwọ́ sí i. Bí o kò bá tilẹ̀ kọ ọ́, ẹ̀rí mi wà lára ọkọ̀. Nínú ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, níbi tí kò ti sí awọ lára irin, mo fi ìṣó fa ìlà kan fún afárá kọ̀ọ̀kan láti Mókwà lọ. Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n. Wọ́n wà níbẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mùyìbátù


Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí Abọ́dúnrìn àti ìyàwó rẹ̀. Ara ìyàwó mi ti ń le, ó ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà. A dúpẹ́ fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí ọdún yìí.

Ìròyìn ayọ̀ wà. Jámáà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ti fẹnu kò pé èmi ni wọn yóò fi joyè Bàbá Àdínnì. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Karùn-ún, ni wọn yóò wé láwàní fún mi lẹ́yìn ìrun. Wọ́n ti tẹ ìwé ìtàn ayé mi. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé fọ́tò èmi àti ife Sókótó sí, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èmi ni ọmọ Ìsẹ́yìn àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo bí inú Bàbá wa ìbá ti dùn tó.

Nítorí ọjọ́ náà, mo ń bẹ̀ yín, ẹ bá mi wá ẹ̀rọ etí kan lọ́dọ̀ yín. Èyí tí mo rà ní Ìbàdàn, súfèé nìkan ló ń fun.

Ẹ má bínú pé mo sọ èyí. Nadirah kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àgbà ló yẹ kí ó kọ́kọ́ ti ojú rẹ̀ kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé, ẹ fi í sínú àpòòwé kí ẹ lẹ̀ ẹ́.

Ẹ ní ẹ kò gba ìmọ̀ràn. Ẹyọ kan péré ni tèmi. Ẹ má gbé ọkọ̀ tó ti ṣí ní ọ̀dà lọ síwájú àwọn òyìnbó. Wọn á ní bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn ún, lóde àti nínú, kí ó máa dán.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ sọ, mo rí i. Ó ti pẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí a rò ó.

Àbúrò yín,
Sùlèímọ̀n


Moncalieri,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹrin

Sùlèímọ̀n,

Kí la fẹ́ rò? Ṣé o gbàgbé ni, tàbí o ń wá ohun tí o máa sọ?

Mo bá ọ yọ̀ lórí oyè. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ lo ń pe ìrun fún àwọn àgbà nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá ti rọ, o sì tọ́jú ìyàwó rẹ. Wọ́n lè torí ìyẹn fi ọ́ joyè. Kí ni ife tèmi ń wá nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àpòòwé, n kò ní ṣe é. Lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìyá nígbà ayé rẹ̀, oṣù mẹ́rin ló lò. N kò ní oṣù mẹ́rin. Bí o bá ń tijú Nadirah, kọ ìlà mẹ́ta tí mo ní kí o kọ, kò ní sí lẹ́tà mọ́. Ẹ̀rọ etí náà, bí o bá kọ̀wé, màá rà á.

Ohun kan ṣoṣo tó bọ́gbọ́n mu nínú lẹ́tà rẹ ni ti ọ̀dà. Èmi náà ti wò ó tipẹ́. Ọkọ̀ náà ti pàwọ̀ dà, nọ́ńbà eré ìje tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo, ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ abẹ́ rẹ̀ láti Òkè-Ọya wà níbẹ̀. Abọ́dúnrìn ní kí n má fọwọ́ kàn án, ó ní bí ó ṣe rí yẹn ni àwọn ará ibí ń fẹ́ ẹ. Èdè Ítálì ló fi sọ ọ́ fún mi, bí ó ti máa ń ṣe bí ó bá fẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo bi í bóyá aṣọ tó fi sùn ló máa wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Mo ti fi ọṣẹ fọ gbogbo ẹrẹ̀ náà kúrò. A máa kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọmọ́níyì ní Reggio Emilia, ọmọ Yorùbá ni, iṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn ló ń ṣe. Ìta nìkan ló máa kùn. Inú, tèmi ni.

Láti àná ni n kò ti lè jókòó. Mo ń lọ sí ibi tí ọkọ̀ náà wà, mo ń padà sílé, mo tún ń lọ. Lónìí mo ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, mo fi ìka ka àwọn ìlà náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìyá ló kọ́ mi. O kò bá wa lọ ra àlùbọ́sà ní Sókótó rí, ilé ìwé ni ìwọ wà, nítorí náà o kò mọ̀. Orí àpò àlùbọ́sà la máa ń dùbúlẹ̀ sí, ojú ọ̀run nìkan la ń rí, àwa méjèèjì kò sì lè ka pátákó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá gun afárá, ìró táyà máa ń yí padà. Ìyá á ní, "Mélòó nìyẹn?" Bí mo bá dáhùn, á ní kí n sọ ohun tó kàn. Lẹ́yìn ìkejìlá, kọ́nà líle wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Lẹ́yìn ìkọkàndínlógún, ọ̀nà rì. Bí mo ṣe júwe ọ̀nà fún Hàmídù nìyẹn. Ìwé ọ̀nà tí wọ́n fún ìwọ wà lẹ́sẹ̀ mi, n kò ṣí i.

Kọ̀wé.

Mùyìbátù


Reggio Emilia,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin

Sùlèímọ̀n,

N kò ní kí ọ pẹ́, ara mi kò balẹ̀.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá la kúrò ní Moncalieri, ó ku ọ̀la kí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ṣe Ọdún Àjíǹde, títì sì kún. Okùn pẹrẹsẹ mẹ́rin ni Láńrewájú fi de Píjò mọ́ carrello. Gbogbo ibi tí a bá dúró ló ń sọ̀kalẹ̀ tẹ okùn wò. Nígbà tí a kọjá Asti, ọkọ̀ àjàgbé kan sáré kọjá lára wa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá wa, ni carrello bá ń jù sọ́tùn-ún, ó ń jù sósì, tó ń fa ìdí ọkọ̀ wa lọ síbi tó wù ú. Láńrewájú fẹ́ tẹ bíréèkì. Mo ní kó má tẹ̀ ẹ́, kó kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò, kó di ọwọ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Màámá, ta ló kọ́ yín ní mọ́tò?" Mo ní kó máa wo iwájú.

Ní Piacenza a dúró ra epo. Àwọn bàbá arúgbó Ítálì mẹ́ta bá wa níbẹ̀, wọ́n ń yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n ń fọwọ́ kàn án bí ẹni tó rí ẹṣin. Ọ̀kan bi mí pé ta ló wà á. Mo ní ọkọ mi ni. Ẹnu mi kò dúró síbẹ̀. Mo ní, èmi náà sì wà níbẹ̀, èmi ni mo júwe ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ síta láyé mi nìyẹn. Ọkùnrin náà bọ́ fìlà rẹ̀.

Gbọ́ ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyàwó Ọmọ́níyì ni mo dé sí, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wọ́n tọ́jú mi bí ìyá wọn. Wọn kò jẹ́ kí n wọ ibi iṣẹ́ nítorí òórùn ọ̀dà. Mo sì ti sọ fún Ọmọ́níyì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ìta nìkan ni mo sanwó fún, inú kò kàn ọ́." N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Èyí tó bọ́ lẹ́nu mi ní Piacenza ti tó, n kò fẹ́ kí àjèjì mìíràn gbọ́ kí ìwọ tó sọ̀rọ̀.

Lónìí ó pè mí wọlé. Ọkọ̀ náà ń dán bí omi. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Màámá, ẹ ní ìta nìkan lẹ sanwó fún, mo sì mọ̀ pé owó ni kò tó. Inú yìí, èènì ni mo fi ṣe fún yín. Gbogbo ibi tó ha ni mo fi sáńpépà yùn dànù kí n tó kùn ún."

Mo fọwọ́ pa á. Ó jọ̀lọ̀ bí inú abọ́ tánganran.

Kí ni kí n wí? Ọmọ tó fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àgbàlagbà nítorí Ọlọ́run. Mo ṣàdúrà fún un. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, mo jẹ ẹ́ tán kí wọ́n má baà bi mí léèrè. Lẹ́yìn náà mo wọ ilé ìwẹ̀ wọn, mo ṣí omi kí ó máa dún, mo sunkún.

Ó ku ìwọ nìkan. Ní Padua ni wọn yóò ti yẹ ọkọ̀ àti orúkọ wò, Sátidé ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún. Ìwé rẹ gbọ́dọ̀ ti dé.

Mo tún lẹ́tà rẹ kà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Lóde àti nínú" ni o kọ. Mo ti sọ fún ọ nípa ilẹ̀kùn náà kí o tó kọ ọ́. Èmi tí n kì í gba ìmọ̀ràn, ìlàjì tìrẹ ni mo gbà, ẹlòmíràn sì bá mi gba ìlàjì tó kù. N kò tíì fẹ́ ronú dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Dá mi lóhùn.

Mùyìbátù


Padua,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún

Sùlèímọ̀n,

Ọjọ́ kẹjọ rèé. Àmì méjèèjì ti di búlúù lórí fóònù láti ọjọ́ tí mo fi lẹ́tà tó kọjá ránṣẹ́. Nadirah ti rí i, ó sì ti gbé e fún ọ. Má sọ fún mi pé iná ò sí.

Yàrá kan ni mo gbà ní Arcella, àdúgbò kan níbí. Ní òwúrọ̀ mo máa ń fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ọkọ̀ wà, n kò ní nǹkan kan láti ṣe níbẹ̀, màá tún rìn padà. Ẹni tó ń tajà lẹ́bàá afárá ojú irin ti mọ̀ mí, ó ń kí mi lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Mo ń se oúnjẹ tí n kò jẹ.

Obìnrin tó ń ṣètò orúkọ ń jẹ́ Giulia. Ó wo ọ̀dà tuntun náà, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní gbogbo ohun tí mo fọ̀ tí mo sì kùn, òun ni àwọn èèyàn ìbá rìn láti ọ̀nà jíjìn wá wò. Ó ní kò burú, wọ́n á gbà á láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe. Abọ́dúnrìn ti sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní jẹ́ kó mọ̀ pé ó sọ òótọ́.

Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún Giulia. Ó ní kí n jókòó, kí n júwe ọ̀nà náà fún òun. Ó gbé ìwé ọ̀nà ọ̀gá Hàmídù sílẹ̀, èyí tí ọmọ ọ̀gá náà fi ránṣẹ́, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Mo pa ojú mi dé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Mókwà, mo ka afárá lọ, Kòntàgórà, Yawúrì, Jẹ́gà, mo sọ ibi tí ọ̀nà ti rì àti ibi tó ti yí. Nígbà tí mo la ojú, kò wo ìwé mọ́, èmi ló ń wò. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba ọ̀nà náà kọjá lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹrù lè mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, orúkọ tó sì wà nínú ìwé kò lè kúrò bí kò bá ṣe pé ẹni tó ni orúkọ náà kọ̀wé. Òótọ́ ló sọ. N kò bá a jà.

Sátidé ni. Kọ̀wé kí Sátidé tó pé.

Mùyìbátù


Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ forí jì mí pé mo pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Ẹ bi mí nípa "lóde àti nínú". Ẹ kò bi mí tán, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi. Mo mọ ohun tí mo ń kọ. Mo kọ ọ́, mo fa igi lé e, mo tún mú ìwé mìíràn, mo tún kọ ọ́. Mo ní bí wọn kò bá kùn ún, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run fẹ́. Bí wọ́n bá kùn ún, a jẹ́ pé Ọlọ́run bò mí láṣìírí. Báyìí ni mo ṣe tan ara mi jẹ.

Ẹ kò sí nínú ọkọ̀ lórí afárá Jẹ́bà. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó mi. Ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, afárá kò gba méjì, Hàmídù kò sì dúró. Irin afárá gbá dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi lọ. Mo rí Odò Ọya nísàlẹ̀ láti orí ìjókòó mi. Mo tọ̀ sára, Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí a dé Mókwà, mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo ṣan aṣọ iṣẹ́ náà kí n tó bọ́ ọ sílẹ̀. Bóyá ẹ rántí pé ó tutù nígbà tí ẹ wọ̀ ọ́.

N kò bèèrè ife náà. Hàmídù ló gbé e lé mi lọ́wọ́, tó sì ń fojú sọ fún mi pé kí n dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọba gbà mí síṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn awakọ̀ wọn, nítorí ife náà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe é. Ibẹ̀ ni ọmọ mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jẹun. Ìgbà wo ni ǹ bá ti wí i? Lọ́jọ́ wo?

Ẹ wò ó, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ti pín ìwé ìtàn ayé mi káàkiri. Bí mo bá kọ ohun tí ẹ ní kí n kọ, tí ẹnì kan fi í sórí fóònù, kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé ó ti dé etí Ìmáàmù. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí orúkọ mi lọ lára ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan yìí sí i. Bí oyè bá ti kọjá, mo fi Ọlọ́run búra, ohunkóhun tí ẹ bá gbé wá ni màá fọwọ́ sí.

Nadirah kò bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá gbé fóònù fún mi, ibòmíràn ló ń wò.

Àbúrò yín,
Sùlèímọ̀n


Marghera,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún

Sùlèímọ̀n,

Lẹ́tà rẹ bá mi ní Padua. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìdúró. Mo rántí pé aṣọ náà tutù. Òógùn ni mo pè é.

Pé ẹ̀rù bà ọ́, n kò bá ọ jà. Ẹ̀rù ba èmi náà láti Mókwà títí dé Sókótó, n kò mọ iye ìgbà tí mo pe Ọlọ́run nínú àṣíborí yẹn. Bí o bá ti fà mí sẹ́yìn ọkọ̀ ní Sókótó lọ́jọ́ náà, tí o sọ ohun tí o sọ fún mi yìí, bóyá fúnra mi ni ǹ bá gbé ife fún ọ, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ló kọ "lóde àti nínú". Orí àga lo jókòó sí. Kò sí odò nísàlẹ̀ rẹ. O fa igi lé e, o sì tún mú ìwé mìíràn.

Má fi Hàmídù ṣe àwíjàre. Mo ti bá a sọ tèmi lójú oorun.

Lánàá ni wọ́n yẹ orúkọ wò. Giulia ka tìrẹ sókè, ó sì wò mí. Mo ní kó fa igi lé e. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun á gbójú fo òfin náà, òun á kọ tèmi. Láńrewájú tó dúró lẹ́yìn mi ní, "Màámá, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́, ta ló máa já yín?" Mo ní rárá. Mo ní kó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ó ní àwọn kì í fi í sílẹ̀. Mo ní èmi ni mo ni ọkọ̀, bí wọn kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí Láńrewájú yí carrello padà. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó tún lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì ibẹ̀ títí ó fi padà. Wọ́n gbà. Ó ní òun yóò wà ní Maribor pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni òun fi lè kọ nǹkan kan sí i.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ ọ́. N kò fẹ́ kí wọ́n kàn fi àánú gbà mí gbọ́ láìsí ẹ̀rí, kí òyìnbó máa rẹ́rìn-ín sí mi bí arúgbó tó ń sọ àlá. Ẹni tó mú un lọ ni yóò gbé e wá.

Nadirah kọ̀wé sí mi fúnra rẹ̀. Ó bi mí pé ta ló wà nínú ọkọ̀ náà lẹ́yìn Mókwà. N kò dá a lóhùn. Mo ní kó bi ọ́. Mo ṣe ìyẹn fún ọ nítorí pé àbúrò mi ni ọ́, n kò sì ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀rọ etí rẹ, mo ti rà á, Abọ́dúnrìn ti fi ránṣẹ́. Mo ti sọ pé ó di ìgbà tí o bá kọ̀wé. Mo yí ọ̀rọ̀ náà padà. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ohùn ara rẹ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Lọ́la a kọjá sí Slovenia. Láńrewájú ní kí n sinmi, mo ti di ẹrù mi láti àárọ̀, mo jókòó sórí rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ tí mo fi ń kọ èyí.

O ní kí n jẹ́ kí oyè kọjá. N kò gbà. Lẹ́yìn oyè, ìwé ni o máa fọwọ́ sí níkọ̀kọ̀, a ó jọ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí bí a ṣe tọ́jú èyí tó kọjá. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, kí wọ́n tó wé láwàní lé ọ lórí, wọ́n máa gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ọ. Sọ ọ́ níbẹ̀, lójú Ìmáàmù, lójú jámáà, lójú Nadirah. Sọ pé Mùyìbátù ni. Bí wọ́n bá ṣì fi ọ́ joyè lẹ́yìn ìyẹn, o yẹ fún un.

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni o ti jẹ mí ní orúkọ mi. San án.

Mùyìbátù